Ọjọ́ Tí A Gbé Ajá Bàbá Mi Lọ Ya Fọ́tò

Òórùn ọ̀dà tuntun àti ti ajá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ ni mo fi ń rántí ilé fọ́tò yẹn. Ìlaròó ló wà, lókè ilé ìtajà kan létí títì, wọ́n sì gbé pátákó ńlá kọ́ síta pé àwọn ń ya ọmọ, àwọn ń ya ìyàwó, àwọn sì ń ya ẹran ọ̀sìn. Ó ti tó ọdún mélòó kan, ṣùgbọ́n bí mo bá gba ibẹ̀ kọjá títí dòní, mo máa ń gbójú kúrò lára pátákó yẹn. O ní o fẹ́ gbé ajá tìrẹ lọ ya fọ́tò, ọ̀rẹ́ mi. Jókòó kí n sọ ohun tó ṣojú mi fún ọ ná.

Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ń dá gbé ní Ìlobì lẹ́yìn tí Màmá kú, òun àti ajá kan tó ń jẹ́ Tanímọ̀la. Wọ́n jọ ń lọ sóko ni, wọ́n jọ ń bọ̀. Lọ́jọ́ tí ẹ̀jẹ̀ ríru gbé Bàbá ṣubú láàárín oko ẹ̀gẹ́, ajá yìí ló sáré wálé, tó ń gbó, tó ń fa aṣọ mọ́ àwọn aládùúgbò nídìí títí wọ́n fi tẹ̀lé e. Wáyà ẹlẹ́gùn-ún ọgbà ẹnì kan tó fò kọjá lọ́jọ́ náà ló fa etí rẹ̀ òsì ya sí méjì. Wọ́n bá Bàbá láàyè. Etí ajá kò pa pọ̀ mọ́. Lálaalẹ́ ni Bàbá ń fi ìka ra etí yẹn níbi tó ya.

Nígbà tí mò ń wí yìí, Tanímọ̀la ti darúgbó. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kò sì gbé e dáadáa mọ́. Dókítà ẹran sọ fún mi pé kò lè pẹ́ mọ́. Mo wo gbogbo ilé, kò sí fọ́tò rẹ̀ kan ṣoṣo. Fóònù Bàbá kì í ya fọ́tò. Èmi tí tèmi ń yà á, ojú ara mi ni mò ń yà kiri. Mo wá sọ lọ́kàn mi pé kí ajá yìí tó lọ, Bàbá gbọ́dọ̀ ní àwòrán rẹ̀ lára ògiri.

Ayafọ́tò ní ká wẹ ajá, ká sì fún un lóúnjẹ kó yó bámúbámú ká tó máa bọ̀. Mo ti wá mọ̀ lónìí pé ìmọ̀ràn òpònú ni. Ajá tó yó, oorun ló ń wá. Ebi díẹ̀ àti ẹran gbígbẹ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn ló ń mú un gbójú sókè. A dé ibẹ̀, Bàbá ló gbé ajá gun àtẹ̀gùn, bẹ́ẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ń di ògiri mú. Ọkùnrin náà jókòó, ó ń wò wọ́n.

Ṣòkòtò funfun báláú ló wọ̀, kò sì ṣe tán láti kúnlẹ̀ nítorí ajá. Ó dúró gbọnrangandan, ó ń ya àtàrí ẹran. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ lè rí ojú rẹ̀."

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká ṣiṣẹ́ wa."

Dípò kó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ajá lé àga aláwọ̀ góòlù tí wọ́n fi ń ya ìyàwó, ó sì fi awò dúdú sí i lójú. Bàbá dìde. "Ẹ yọ ọ́. Àgbà ni." Ọkùnrin náà yọ awò náà. Bí iná kámẹ́rà ṣe ń kọ mànà ni ajá ń gbọ̀n, nígbà tó sì yá, ó tọ̀ sórí àga. Ayafọ́tò pariwo bí ẹni tí ilé rẹ̀ ń jó. Bàbá yọ áńkáṣíìfù, ó ń nu àga, ó ń sọ pé, "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó kù díẹ̀." Mo rò pé ọkùnrin yẹn ló ń bẹ̀. Ajá ló ń bá sọ̀rọ̀.

Níbi tí Bàbá lóṣòó sí tó ń nu àga yẹn ni Tanímọ̀la ti sọ̀ kalẹ̀, tó gbé orí lé e lórúnkún, tó gbójú sókè wò ó. Kámẹ́rà ró ṣáá. Mo sáré lọ wò ó lẹ́yìn kámẹ́rà: etí tó ya rèé, ẹnu funfun rèé, ojú méjèèjì rèé lára Bàbá. Omi bọ́ lójú mi. Mo ní ìyẹn la fẹ́, ìyẹn nìkan.

"Ṣé kí n bá yín tún un ṣe dáadáa lórí kọ̀ǹpútà?"

Ìwọ náà mọ̀ wá. Ta ló ń gba fọ́tò nílẹ̀ yìí tí kò ní kí wọ́n bá òun pa rorẹ́ rẹ́, kí wọ́n sọ òun di ọmọge? Ẹnu mi ti mọ́ ọn lára láti ìgbà fọ́tò ọjọ́ ìbí. Mo ní, "Ẹ bá mi ṣe é kó dán o." Ẹyin lọ̀rọ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Tanímọ̀la kú. Nígbà tí mo gbé fọ́tò dé Ìlobì nínú férémù, Bàbá gbé e lọ sójú fèrèsé, ó wò ó títí. Ajá ẹlẹ́nu dúdú kan ló wà níbẹ̀, etí méjèèjì pé pérépéré, ó jókòó láàárín òdòdó òyìnbó. Wọ́n ti gé Bàbá kúrò. Ó ní, "Ajá ta nìyí?"

Mo padà sí Ìlaròó lọ́jọ́ náà gan-an. Mo ní kí ayafọ́tò fún mi ní ti àkọ́kọ́, bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Ó ní òun ti pa á rẹ́. "Àǹtí, ta ló ń bèèrè èyí tí a ò tíì tún ṣe? Ẹ̀yin lẹ ní kó dán." Mo pariwo débi pé àwọn tó ń tajà nísàlẹ̀ gòkè wá wò wá. Etí tí ẹran fi gba ẹ̀mí bàbá mi là, ó rán an pọ̀ bí ẹni rán aṣọ, kò bèèrè! Mo sọ gbogbo èyí tó wà lẹ́nu mi fún un, kò sì sí èyí tí mo kábàámọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, ìbínú yẹn kò rí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ mọ́, èmi ló kù. Ohun tí a fẹ́ràn gan-an wà lójú mi kedere, mo sì bẹ àjèjì kó bá mi pa á rẹ́.

Nítorí náà, bí o bá máa lọ, sọ fún wọn kí wọ́n má fọwọ́ kan nǹkan kan. Bàbá gbé férémù náà kọ́ ní pálọ̀, torí kò fẹ́ kí ojú tì mí. Mo ti bẹ̀ ẹ́ kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó kọ̀. Bí àlejò bá sì nawọ́ sí i, tó ní, "Bàbá, ajá yín tó kú nìyí?" a mi orí, a ní, "Rárá o. Ti ọmọ mi nìyẹn."