Ẹ̀bẹ̀ Tí Àǹtí Níkẹ́ Lọ Bẹ̀ ní Pasadena

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé Ọláníkẹ́ Mákánjúọlá ló ti àbúrò rẹ̀ sẹ́wọ̀n, ẹ sọ fún un pé èmi Mùsílíù ní irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo wakọ̀ lọ́jọ́ náà. Bí ẹ̀bi bá wà níbẹ̀, kí wọ́n pín in, kí wọ́n fún mi ní tèmi.

Ọmọ Ìkìrun ni wá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Houston ni Àǹtí Níkẹ́ ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, obìnrin kúkúrú tó máa ń rìn bí ẹni tí òjò ń lé. Òun ló ránṣẹ́ pe Adélékè, àbúrò rẹ̀ ọmọ ìyá kan náà, pé kó wá kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà. Ọmọ náà ò ní ju nǹkan méjì lọ: ìwé rẹ̀, àti orin tó ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà wọn.

Lọ́dún 1984, wọ́n ja bàbá òyìnbó kan lólè ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Pasadena, ìlú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ Houston, wọ́n sì ṣẹ́ ẹ lápá. Bàbá ní ọkùnrin dúdú gíga kan ni. Lọ́jọ́ kẹta, ọlọ́pàá dá Adélékè dúró lórí freeway, ọ̀nà márosẹ̀ wọn. Ó dúdú, ó ga, ó parí. Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ni wọ́n ja bàbá lólè. Ní aago mẹ́rin yẹn gan-an, èèyàn mọ́kànlá ló ń bá Adélékè kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Níbi tí àwọn ẹbí ti ń tò kí wọ́n tó rí èèyàn wọn ní àtìmọ́lé ni Àǹtí Níkẹ́ ti pàdé Helen, obìnrin dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí wọ́n ti mú ọmọ tirẹ̀ náà. Helen ò lè pe Ọláníkẹ́, "Nikki" ló ń pè é. Òun àti àwọn obìnrin mẹ́rìnlá kan máa ń lọ jókòó sí kọ́ọ̀tù, kálukú pẹ̀lú bírò àti ìwé. Nígbà tí wọ́n bá ń yan àwọn ará ìlú méjìlá tí yóò sọ bóyá ẹnì kan jẹ̀bi, agbẹjọ́rò ìjọba lè ní kí àwọn kan máa lọ sílé láìsọ ìdí. Àwọn obìnrin yìí ń kọ àwọ̀ ẹni tó bá lé sílẹ̀: dúdú, dúdú, dúdú. Wọ́n á kó o lọ fún àwọn oníwèé ìròyìn, wọ́n á sì gbé páálí ìfẹ̀hónúhàn dúró níwájú kọ́ọ̀tù nínú oòrùn.

Mọ́ńdè ni ọjọ́ ìsinmi Àǹtí Níkẹ́. Kò sinmi Mọ́ńdè kankan mọ́, kọ́ọ̀tù ló ń bá wọn lọ. Àwa ará ilé tí à ń fà sẹ́yìn, ó bú wa títí ojú fi tì wá.

"Ẹ ní ẹ̀ ń bẹ̀rù immigration," ló wí. "Ọlọ́pàá tó mú Adélékè, ṣé ó bi í bóyá Ìkìrun ló ti wá ni?"

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ló pè mí. "Mùsílíù, gbé mọ́tò wá jàre. A fẹ́ lọ bẹ bàbá yẹn."

Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Nílé wa, ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ rẹ jẹ̀bi, o lọ bẹ̀. Ọmọ rẹ ò jẹ̀bi, o ṣì lọ bẹ̀, torí ẹni tó fara pa ló ń bínú, ìbínú rẹ̀ la ń bẹ̀. Ẹni tó bá jókòó sílé pé òun ò ṣẹ̀, wọ́n á ní kò lẹ́kọ̀ọ́ ni. A ò sọ fún lọ́yà Adélékè. A ò sọ fún Helen. Ìyẹn ló ń dùn mí jù, pé a ò sọ fún Helen.

Àwa mẹ́rin la lọ: Àǹtí Níkẹ́, Lará ọ̀rẹ́ rẹ̀, Wòlíì Ọlọ́runyọmí olórí ìjọ wọn, àti èmi. A ra apẹ̀rẹ̀ èso kan dání. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn, wọ́n fi aṣọ gbé apá rẹ̀ kọ́ ọrùn. Kó tó sọ̀rọ̀, Wòlíì ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, àwọn obìnrin ti kúnlẹ̀. Àǹtí Níkẹ́ wo apá yẹn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀tàn o. Arúgbó ló ń tọ́jú lójoojúmọ́ ayé rẹ̀.

"Daddy, please," ló ń wí ní Gẹ̀ẹ́sì, "ẹ foríjì wá. Ẹ foríjì í."

Bàbá ti ilẹ̀kùn. A rò pé inú ló ṣì ń bí i, pé a ó tún padà wá. A gbé apẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, a lọ.

Nígbà tí ẹjọ́ dé, aláwọ̀ dúdú márùn-ún ló wà nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ yan àwọn méjìlá láti inú wọn. Helen kọ márààrún sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń lé wọn jáde. Òyìnbó méjìlá ló kù. Síbẹ̀ lọ́yà ní ká fọkàn balẹ̀, àwọn akọrin ti jẹ́rìí. Ìgbà náà ni agbẹjọ́rò ìjọba, tí bàbá ti ròyìn wa fún, pe Àǹtí Níkẹ́ síwájú.

"Ṣé o lọ sílé bàbá yìí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o kúnlẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ṣé o ní kó foríji àbúrò rẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà, ṣùgbọ́n nílẹ̀ tiwa..."

"Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo wo Helen, ó ti fọwọ́ bo ẹnu. Mo wo àwọn méjìlá yẹn. Kò sí ẹnì kan níbẹ̀ tí ìyá rẹ̀ ti kúnlẹ̀ rí nítorí ohun tí ọmọ rẹ̀ ò ṣe.

"Ta ló ń tọrọ ìdáríjì fún aláìṣẹ̀?" ni agbẹjọ́rò bi wọ́n, ó sì lọ jókòó.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni wọ́n fún Adélékè. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń wò títí wọ́n fi mú un jáde.

Helen wá sílé Àǹtí Níkẹ́ lọ́jọ́ kejì. "Nikki, gbọ́ mi," ló wí. "Ìgbà tí wọ́n lé ẹni karùn-ún jáde ni wọ́n ti dá ẹjọ́ yẹn tán. Ká ní o ò kúnlẹ̀, wọ́n á rí nǹkan mìíràn dìmú."

Mo gbà pé òótọ́ ló sọ. Mo gbà á títí dòní, inú sì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Àmọ́ Àǹtí Níkẹ́ ò gbà. Ó ṣì ń lọ sí kọ́ọ̀tù ní Mọ́ńdè, ó ṣì ń kọ̀wé, ṣùgbọ́n èébú rẹ̀ tán lẹ́nu. Mi ò mọ̀ pé èébú èèyàn lè máa wu ni gbọ́ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ tí tẹlifóònù dún. Ìyá wọn ni, láti Òṣogbo. Ó ti ń tò ní ọ́fíìsì tẹlifóònù láti àárọ̀. Màmá ń pariwo débi pé èmi náà ń gbọ́.

"Ọláníkẹ́, ṣé kò sí àgbà lọ́dọ̀ yín ni? Ṣé kò sẹ́ni tó lè bá wa bẹ àwọn èèyàn náà?"

"A ti bẹ̀ wọ́n, Màámi."

"Ṣé ẹ kúnlẹ̀?"

"A kúnlẹ̀, mà."

"Ẹ ò kúnlẹ̀ pẹ́ tó ni, ọmọ mi," ó ní. "Ẹ padà lọ."