Ṣílẹ̀kùn fún Ọmọ Rẹ

Kùrukùru bo òkè Ìjerò láàárọ̀ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n nígbà tó fi di ọ̀sán, oòrùn ti mú, òórùn kòkó tútù sì gba gbogbo oko. Òórùn yẹn ló gba imú mi lónìí tí mo fi rántí.

A ń fọ́ kòkó. Sinimá tí ọkọ̀ gbé wá sí pápá ilé ìwé ní ìrọ̀lẹ́ àná rẹ̀ ni gbogbo ẹnu ń sọ: ọmọ kan kú, ó padà wá ń kan ilẹ̀kùn, ìyá rẹ̀ kò ṣí i.

Tíṣà tó wá kí wa lóko ní, "Inú ìwé ni wọ́n ti mú un. Ti ìwé dára jù ú lọ. Níbẹ̀, ẹ ò ní rí ọmọ náà rárá, ohùn rẹ̀ nìkan lẹ ó máa gbọ́."

Ìyálé ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Tíṣà, òkú tó wọ bàtà, ta nìyẹn fẹ́ dẹ́rù bà?" Ó wo ìyá mi. "Àfi ẹni tó dìde láàárín èrò, tó ń kígbe pé, 'Ṣílẹ̀kùn fún ọmọ rẹ.'"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ń fọ́ kòkó tirẹ̀ lọ, kò gbójú sókè. Ojú tì mí débi pé mo sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìgbà tí ọmọ tèmi kú, tí wọn kò fi ibi tí wọ́n sin ín sí hàn mí, bí a ti í ṣe é nílẹ̀ wa, ni mo tó mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi tó kú kí wọ́n tó bí mi ni ìyá mi gbọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn náà.

Lọ́jọ́ kejì ẹ̀rín oko yẹn, mo purọ́ pé inú ń run mí, n kò lè lọ sóko. Ìyá mi se àgbo efinrin fún mi. Ó jókòó tì mí títí mo fi mu ún tán, lẹ́yìn náà ló gbé agbọ̀n, ó dá lọ bá wọn.