Àwọn Iwájú Ló Gbé Ife Náà Sọnù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ tẹnu mi. Títí dòní, bí àwa tá a jọ gbá bọ́ọ̀lù l'Ágbowó bá ti pàdé, wọ́n á ní èmi tí mo wà lẹ́yìn ni mo jẹ́ ká pàdánù ife. Irọ́ ńlá! Àwọn iwájú wa ni. Ojú ilé ṣófo gbayawu níwájú kápẹ́ńì wa, aṣọ́lé àwọn tá à ń bá gbá ti ṣubú, kápẹ́ńì wá gbá bọ́ọ̀lù lọ sórí páànù ilé onílé.

Àwa tá à ń ṣe fọ́tòkọ́pì là ń bá àwọn awakọ̀ Òjóò gbá àṣekágbá. Ṣùgbọ́n ife kọ́ ló ká mi lára. Ọmọbìnrin kan wà ní Bódìjà tí mo fẹ́ fi ṣaya. Bàbá rẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba tí kì í rẹ́rìn-ín, gbà pé ọmọ ìta ni gbogbo agbábọ́ọ̀lù. Ọmọbìnrin náà bẹ̀ wọ́n títí, wọ́n ní àwọn á wá wò mí níbi bọ́ọ̀lù. Bí mo bá wù wọ́n, kí n kó àwọn èèyàn mi wá tọrọ ọmọ. Bí n ò bá wù wọ́n, ó parí nìyẹn.

Kò tíì sẹ́ni tó jẹ góòlù, eré ti fẹ́ẹ́ parí, ni mo rí bàbá àti ọmọ wọn létí pápá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gan-an. Ẹ̀yin náà ẹ sọ fún mi: kí n dúró gbagidi kí n máa wo àna mi lójú? Ṣé n ò lẹ́kọ̀ọ́ ni? Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eruku. "Ẹ káàsán sà!" Kí n tó gbórí sókè, awakọ̀ kan ti fò mí kọjá, ó ti gbá a wọlé. Ariwo sọ. Mo kọ́kọ́ rò pé ìkíni mi ni wọ́n ń yìn.

Bí eré ti parí, kápẹ́ńì já lù mí: "Oníranù! Ṣé ìdọ̀bálẹ̀ la wá ṣe níbí?"

"Ìwọ tó o gbá bọ́ọ̀lù sórí páànù ńkọ́?"

Nígbà tó jẹ́ bàbá ló dàgbà jù níbẹ̀, a ní kí wọ́n bá wa dá a: ṣé iwájú ló jẹ̀bi ni, àbí ẹ̀yìn?

Wọ́n ní, "Àwọn iwájú yín ò mọ bọ́ọ̀lù gbá rárá." Inú mi dùn, mo ti ń yọ ṣùtì sí kápẹ́ńì. Wọ́n wá kọjú sí mi. "Ṣùgbọ́n ìwọ, kì í ṣe torí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe wá. Ọmọ mi ni wọ́n ní kí n fà lé ọ lọ́wọ́. Mo wá wò bóyá o lè ṣọ́ nǹkan ni."

Wọ́n pe ọmọ wọn pé ó yá. Ó bojú wẹ̀yìn wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀lé wọn lọ. Mo jókòó sórí pápá, mo sunkún bí ọmọdé. Kápẹ́ńì gan-an ò rí èébú bú mi mọ́.