Aṣọ Funfun Tí Mo Rà fún Mummy

Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ aṣọ funfun yẹn. Èmi ni mo gbọ́n lójú ara mi tí mo rà á láìbéèrè, bẹ́ẹ̀ àwọn àgbà ti wí pé ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Mo rántí ìgbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ care nílùú òyìnbó níbí, iṣẹ́ títọ́jú aláìsàn nínú ilé wọn. Láràárọ̀ ni bọ́ọ̀sì máa ń gbé mi lọ sí Thamesmead North, kí n lọ wẹ̀ fún bàbá ará Íńdíà kan tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn mọ́. Ìyàwó wọn, tí mò ń pè ní Mummy, ló máa ń ṣílẹ̀kùn. Sárì ni Mummy ń wọ̀ tòjò tẹ̀ẹ̀rùn, aṣọ gígùn tí wọ́n ń wé mọ́ra títí dé èjìká, pupa lónìí, àwọ̀ ewé lọ́la. Wọ́n á kán àmì pupa róbótó sí iwájú orí, wọ́n á tún bu ẹ̀bu pupa sí ojú ibi tí wọ́n ti la irun sí méjì. Sísítà kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa kìlọ̀ fún mi: "Bùrọ̀dá, àmì òrìṣà nìyẹn o. Ẹ má jẹ́ kó kàn yín lára." Èmi tí wòlíì ń fi òróró sàmì sí níwájú orí ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, mo ní, "Àmín."

Nígbà tó yá, ambulance gbé bàbá lọ sí ọsibítù. Mo ṣì ń yà kí Mummy. Wọn ò jẹun dáadáa mọ́, ṣùgbọ́n àmì pupa yẹn kò yẹ̀. Àánú wọn ṣe mí. Ní ìjọ tiwa, funfun laṣọ àdúrà, funfun laṣọ ìṣẹ́gun. Ni mo bá lọ sí ọjà Beresford Square, mo ra sárì funfun báláú, kí wọ́n lè wọ̀ ọ́ lọ wo ọkọ wọn.

Mummy tú lailọ́ọ̀nù tí aṣọ náà wà nínú rẹ̀, ọwọ́ wọn dúró.

"Ọmọ mi, ṣé wọ́n pè ọ́ láti ọsibítù ni?"

"Rárá o, Mummy. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Wọ́n jókòó. "Níbi tí wọ́n ti bí mi, opó ló ń wọ funfun." Wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀bu orí wọn. "Ọkọ mi ló kọ́kọ́ fi èyí sí mi lórí lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ọkọ mi ṣì wà láyé nìyẹn."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Dìde jàre," ni wọ́n wí, "mi ò tíì gbálẹ̀." Wọ́n ní kí n gbé aṣọ náà sókè kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ṣèlérí pé màá ra pupa rọ́pò rẹ̀. "Kó pọ́n bí ata o. Má ra èyí tó ti ṣá fún mi."

Bàbá padà wálé, ọkàn mi sì balẹ̀ jù. Mò ń sọ pé ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, títí bàbá fi sùn tí wọn ò jí. Nígbà tí mo lọ kí Mummy, iwájú orí wọn ṣófo, kò sí ẹ̀bu pupa lójú ìlà irun wọn mọ́. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn ní, "Ọwọ́ mi ò tó òkè. Bá mi gbé aṣọ yẹn sọ̀kalẹ̀."

Èmi ni mo gbé e sọ̀kalẹ̀.

Mo ṣì ń yà kí wọn. Bí mo bá sì ń gba Beresford Square kọjá, mo máa ń dúró níwájú àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́. Mo ti wá mọ èyí tó pọ́n bí ata báyìí. Òun ni gbèsè tí mo jẹ Mummy, wọn ò sì lè wọ̀ ọ́ mọ́.