Ajá Tí Ìyá Àgbà Kò Jẹ́ Kó Sàn

Bí mo bá fi aago ṣírò rẹ̀ lónìí, n óò ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Lọ́jọ́ náà lọ́hùn-ún, ní Ìkìrun, òjìji ògiri ni aago wa, ó sì ti na ẹsẹ̀ dé ìdí ààrò. Àwa mẹ́ta la wà lẹ́yìnkùlé: ìyá tó bí bàbá mi, èmi, àti ajá bàbá mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì di ajá lẹ́nu mú. Ìyá àgbà jókòó lórí àpótí, wọ́n ń tú etí rẹ̀. Wọn a fi epo pupa kan eégbọn lórí, wọn a dúró díẹ̀ kó lè tú ẹnu, wọn a wá fi èékánná fà á. Inú eérú gbígbóná ni wọ́n ń jù wọ́n sí. Eégbọn á dún pò, òórùn rẹ̀ á sì dà bí irun tí iná jó.

“Má fún un lọ́fun,” ni wọ́n wí. “Ẹnu ni mo ní kí o dì mú. Ajá tí kò rí èémí mí kò ní í dúró jẹ́ẹ́.”

Bàbá mi ti lọ sí ibùdó ogun nígbà náà. Ọdẹ ni wọ́n kí ogun tó lé wa kúrò ní Òkukù. A sá wá sí Ìkìrun bí àwọn ará Inísà àti àwọn ará Ìbà ṣe sá wá, a wọ̀ sí àgbolé àwọn tó gbà wá. Nígbà tí bàbá mi ń lọ, èmi àti ajá ni wọ́n fi lé ìyá wọn lọ́wọ́.

“Màmá, ọmọ á sọ ohun tó ń ṣe é fún yín,” ni bàbá mi wí. “Ajá ò ní í sọ. Ẹ bá mi máa wò ó títí n óò fi dé.”

“Ta ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wo ajá?” ni ìyá àgbà dáhùn. “Máa lọ, kí ilẹ̀ má ṣú bá ọ lọ́nà.”

Ilé-ńkọ́ ni bàbá mi sọ ajá náà, lọ́sẹ̀ tí a dé Ìkìrun. Tí a bá pè é níta, ẹni tó ń kọjá a dáhùn pé, “Ilé wà.” Àwọn ènìyàn a rẹ́rìn-ín. Ìyá àgbà kì í rẹ́rìn-ín sí i.

Gbogbo ọdẹ tó sá wá sí Ìkìrun ló mọ ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé wa. Tí wọ́n bá mú ajá wá, ìyá àgbà kì í kọ́kọ́ béèrè nǹkan kan. Wọn a fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan imú ajá, wọn a ṣí ètè rẹ̀ wo èrìgì, wọn a tẹ ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń wá owó nínú ìrọ̀rí. Èyí tí inú ń run, omi efinrin ni wọ́n ń rọ fún un. Èyí tí ẹ̀gún wọ̀ lẹ́sẹ̀, wọn a fi òrí lílọ́ wọ́ọ́rọ́ rẹ ẹsẹ̀ náà kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Tí ajá bá ń jẹ koríko, wọn a ní kí a fi í sílẹ̀, ó mọ ewé tirẹ̀. Títí di òní, tí mo bá gbóòórùn efinrin tí ẹnìkan fi ọwọ́ ra, ẹ̀yìnkùlé yẹn ni mo ń bá ara mi.

Ilé-ńkọ́ ní kúrúnà lọ́dún náà. Ìgúnpá rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀, ó sì gun ẹ̀yìn rẹ̀ dé ìdí ìrù. Ìyá àgbà fi ọṣẹ dúdú àti omi ewúro wẹ̀ ẹ́, a sá a sóòrùn, wọ́n wá fi àdín pa á lára. Àdín tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn yan ni, ó dúdú, ó ń rùn bí ekùrọ́ tó jóná díẹ̀. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, awọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, irun kéékèèké sì ń yọ.

Ìgbà náà ni olórí àwọn alágbẹ̀dẹ wọlé wá. Kí àwọn ọmọ ogun tó jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ajá ni wọ́n ń fi bọ Ògún ní ojú àgbẹ̀dẹ. Ó ń yí kan àgbolé kọ̀ọ̀kan láti mú ajá wá. Lọ́dún náà, wọ́n ní ó kan àwa àlejò.

“Ẹ kú ìtọ́jú, Ìyá.”

“Òo. Ẹ kú iṣẹ́.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo eyín Ilé-ńkọ́, ó fi ọwọ́ ra ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró níbi tó rí ṣákiṣàki.

“Ajá gidi nìyí. Kí ló ṣe é lẹ́yìn?”

“Kúrúnà ni.”

“Ó ń sàn?”

“Ó ń sàn.”

“Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ mọ̀ pé Ògún kì í gba ajá elégbò. Tí oṣù tuntun bá lé, n óò padà wá wò ó.”

Nígbà tó lọ tán, ìyá àgbà wo àdín tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ wọn. Wọ́n fi pa ojúgun ara wọn. Wọ́n dé kèrègbè àdín, wọ́n ní kí n gun àkàsọ̀, kí n lọ fi í kọ́ òkè àjà, níbi tí èéfín ń gbà.

Láti ọjọ́ náà, kúrúnà padà. Ní òwúrọ̀ kùtù, kí àkùkọ tó kọ tán, ìró ẹsẹ̀ Ilé-ńkọ́ lórí ilẹ̀ ló ń jí wa, gbì gbì gbì, bí ẹni ń gún iyán lókèèrè. Ó ń fi ara gbo ògiri títí amọ̀ fi ń ṣí. Àwọn obìnrin àgbolé kò dákẹ́.

“Ìyá ará Òkukù, ẹ wo tiwa sàn, tiyín ń fi ògiri họra.”

“Ẹ̀yìn ẹni tó ń hun aṣọ tà lẹ ti máa ń rí àkísà,” ni ìyá àgbà wí, wọ́n sì ń ṣa ewébẹ̀ wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró lórí ẹ̀rín. Àwọn ọdẹ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ìyá àgbà ti bàjẹ́, pé ogun ti gba ọwọ́ náà lára wọn. Wọn kò mú ajá wá mọ́. Ọ̀dọ́mọdé ọdẹ ará Inísà kan nìkan ni kò dẹ́kun àtiwá. Ìyá àgbà ti wo ajá rẹ̀ sàn, irun rẹ̀ sì ń dán bí ẹni da epo sí i.

“Lọ fi eérú pa ajá rẹ lára,” ni ìyá àgbà sọ fún un lọ́jọ́ kan. “Má jẹ́ kó máa dán báyìí.”

Ọdẹ náà rẹ́rìn-ín. “Ìyá, ẹ wò ó sàn tán, ẹ ní kí n sọ ọ́ di onídọ̀tí? Ajá mi ti di ọkọ ìyàwó.”

Ìyá àgbà wò ó títí. Ẹnu wọn kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àlejò ni wá, Ògún sì ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Wọn kò pa Ilé-ńkọ́ tì o. Ní ìrọ̀lẹ́, wọn a fi omi ewúro nu abẹ́ ikùn rẹ̀ níbi tí ara ti rọ̀, wọn a lé eṣinṣin kúrò lójú egbò kí ìdin má wọ̀ ọ́, wọn a fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan imú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí gbogbo ayé ń rí ni wọn kò fọwọ́ kàn. Kí ó má kú, kí ó má sì sàn: n kò mọ iṣẹ́ tó le tó bẹ́ẹ̀. Tí ajá bá ń sunkún, ìyá àgbà a máa fi ọwọ́ kan họ ẹsẹ̀ ara wọn, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn ń ṣe bẹ́ẹ̀.

“Ìyá àgbà, ṣé àdín ti tán ni?” ni mo bi wọ́n.

“Kò tán.”

“Kí ló dé tí ẹ ò fi pa á fún un?”

“Ohun tó bá ń họra, ó wà láàyè. Lọ gbé igbá omi wá.”

Oṣù lé, alágbẹ̀dẹ padà wá pẹ̀lú ọkùnrin kan. Kò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ó wo ẹ̀yìn Ilé-ńkọ́ láti òkè. Lẹ́yìn náà ó gbé ojú sókè, ó rí kèrègbè tí èéfín ti bò.

“Àdín wọ́n ni, Ìyá?”

“Kò wọ́n. Ọwọ́ mi ló ti dàgbà.”

“Ọwọ́ tó wo ajá ará Inísà sàn níjẹta?” ni ọkùnrin kejì wí.

“Ọwọ́ a máa dàgbà lóòjọ́,” ni ìyá àgbà dá a lóhùn.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Alágbẹ̀dẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyá àgbà bí ẹni ń wo irin tó ṣì wà nínú iná. “Ẹ rọra máa tọ́jú rẹ̀,” ni ó wí, wọ́n sì lọ.

Ajá ará Inísà ni wọ́n mú.

Ìyá àgbà kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì, ọdẹ náà wá. Okùn ajá nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ìyá, ẹ wò ó sàn jù.”

“Mo ní kí o fi eérú pa á.”

“Ẹ sọ bẹ́ẹ̀. N kò mọ ohun tí ẹ ń wí ni.”

Ó jókòó sí ìdí ààrò. Nígbà tó yá, Ilé-ńkọ́ lọ dùbúlẹ̀ síwájú ọdẹ náà. Ọdẹ náà sì fi ọwọ́ họ ẹ̀yìn ajá fún un, ní ojú kúrúnà gan-an. “Inú mi ni ọ̀rọ̀ yìí máa gbé,” ni ó sọ fún ìyá àgbà kó tó dìde.

Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ nígbà tí bàbá mi dé. Ilé-ńkọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó dìde, ó dúró gbọin, ó wá sáré jáde láìgbó. Nígbà tí a dé ìta, bàbá mi ti kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀, wọ́n rù, wọ́n ń wo ara ajá.

“Màmá, kí lẹ fi ajá mi ṣe?”

Èmi ni ìyá àgbà kọjú sí. “Gun àjà. Gbé kèrègbè yẹn wá.”

Wọ́n da àdín sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fi ń pa ajá lẹ́yìn. “Ẹni tó ni ọ́ ti dé,” ni wọ́n ń sọ sí ajá létí. “Ó yá, máa sàn.” Ó sì sàn. Ẹran àkọ́kọ́ tí bàbá mi pa lẹ́yìn náà, itan rẹ̀ ni ìyá àgbà ní kí n gbé lọ fún ará Inísà. Bẹ́ẹ̀ la sì ń ṣe títí ó fi rí ajá mìíràn.

Ogun parí, a padà sí Òkukù, ibẹ̀ ni ìyá àgbà sùn sí. Èmi náà ti hu irùngbọ̀n kí n tó mọ ìwé kọ. Ìyàwó mi kú ní ọdún tó kọjá. Ó fi ajá pupa kan sílẹ̀, tó máa ń jẹ àjẹkù rẹ̀ nínú àwo. Ìdí ààrò tí ìyàwó mi ti máa ń dáná ni ajá náà ń sùn láti ìgbà náà, kúrúnà sì ti mú un lẹ́yìn. Àwọn ọmọ ní, “Bàbá, ẹ wo ajá yìí.” Mo ní mo gbọ́. Àdín wà nílé. Ìyàwó mi ló yan án, kèrègbè tó yan kẹ́yìn ni. N kò tíì ṣí i.

Ní àná, bí mo ṣe jókòó, mo gbọ́ gbì gbì gbì yẹn nílẹ̀. Ìyá àgbà gbé àdín tiwọn kọ́ nítorí pé ẹnìkan ń bọ̀. Èmi gbé tèmi kọ́, kò sì sí ẹni tí mo ń retí.

Ní òwúrọ̀ yìí, mo já ewúro. Mo wẹ ajá náà, mo sá a sóòrùn, mo gbé kèrègbè sọ̀kalẹ̀. Àwa méjì la wà lẹ́yìnkùlé. Kò sí ẹni tó máa bá mi di ẹnu rẹ̀ mú, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣí ìdérí kèrègbè, ó gbóòórùn àdín, ó gbé orí lé orókún mi, ó sì dúró jẹ́ẹ́.