Òòfà Báàgì Ìyàwó Lára Ọ̀kadà Àtijọ́

Díẹ̀ ló kù kí èmi ìyàwó ọ̀ṣìngín bú sẹ́kún lónìí!

Èmi àti ọkọ mi fẹ́ gun ọ̀kadà àtijọ́ rẹ̀ lọ kí ìyá mi ní Ìgbòho, àmọ́ bàbá ọkọ mi kọ̀: “Ọmọ mi ń sáré jù. Ìyàwó mi ò ní gùn ún láìsí mítà tó ń ka eré.”

Ọkọ mi de mítà onínọ́ńbà mọ́ ọn. Àṣé òòfà kékeré tí sẹ́ńsọ̀ rẹ̀ fi ń mọ̀ pé táyà ń yí ti sọnù! A yí táyà títí, òdo ni.

Ọkọ mi ní: “Ìyàwó, ó ti parí.”

“Olówó orí mi, ẹ dúró!”

Òòfà ló ń pa ẹnu báàgì ìgbéyàwó mi dé. Mo fi ọ̀bẹ yọ ọ́, a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ríìmù táyà. Mítà kà!

Bàbá ní ká máa lọ. Inú mi ń dùn ṣìnkìn!

Ṣùgbọ́n ìyá mi ló ra báàgì náà. Ẹ gbà mí o, kí ni kí n wí fún wọn?