Ewéko Crescencia Padà Síta

Nígbà tí Crescencia kú, Abundio ọkọ rẹ̀ kó gbogbo ìkòkò ewéko rẹ̀ wọlé. Ewé wọn nípọn bí ewé àbámodá, wọ́n tò yíká bí òdòdó, etí wọn sì pọ́n bí ata. Orí ògiri àgbàlá ni ìyàwó rẹ̀ máa ń tò wọ́n sí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba Abundio pé òtútù orí òkè Hidalgo tí wọ́n ń gbé á pa wọ́n. Àràárọ̀ ló ń bomi rin wọ́n.

Kò pẹ́ tí àwọ̀ pupa náà fi ṣá. Ọrùn wọn gùn, wọ́n ń nà sójú fèrèsé.

Lọ́jọ́ kan, Herlinda, àbúrò olóògbé, gbé tòtíyà gbígbóná, ìyẹn búrẹ́dì àgbàdo pẹlẹbẹ, wá fún un. Bó ṣe rí wọn, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ sin àwọn wọ̀nyí náà ni?"

"Mò ń tọ́jú wọn ni."

"Ìtọ́jú rèé? Ẹ kàn tì wọ́n mọ́lé bí ẹ ṣe ti ara yín mọ́lé." Ó mú ọ̀bẹ, ó gé orí ọ̀kan.

Abundio figbe ta. "Herlinda! Ọwọ́ Crescencia ló gbin ìyẹn!"

"Òun náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé e. Ẹ jẹ́ kí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ gbẹ kí ẹ tó tún un gbìn. Ẹ má sì fomi pa á mọ́."

Abundio gba ọ̀bẹ, ó gé àwọn tó kù fúnra rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ojú ọgbẹ́ wọn gbẹ, ó tún wọn gbìn sínú ìkòkò, ó tò wọ́n padà sórí ògiri àgbàlá, wọ́n sì ta gbòǹgbò níbẹ̀. Nígbà tí òtútù dé, etí ewé wọn tún pọ́n. Àwọn tó ń lọ sọ́jà ń dúró wò wọ́n, Abundio sì ń jókòó síta, ó ń bá àwọn èèyàn náà sọ̀rọ̀.